Ẹni Tó Lè Pe Orúkọ Mi

Nígbà tí wọ́n bọ́ ìbòjú náà kúrò lójú mi, mo ti já méjì nínú àwọn okùn tí wọ́n fi dè mí mọ́ ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì Tàlàbí di èjìká mi mú. Ọmọbìnrin tínńrín ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le.

“Ẹ rọra, bàbá. Ẹ rọra. Ilé ìwòsàn lẹ wà.”

“Mo mọ ibi tí mo wà.”

N kò mọ̀ ọ́n. Ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sínú yàrá náà ni. Àjà funfun. Ẹ̀rọ oníṣẹ́-abẹ tó ká apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra bí aláǹtakùn tó ti kú. Lára ògiri, àmì ìfúnpá mi ń tàn pupa, ó ń ṣẹ́jú. Ìbídùn, ọmọ mi, dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohùn kan jáde lára ògiri. Ohùn ẹ̀rọ ni. Kò bínú, kò sì káàánú.

“Aláìsàn kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Kò yege nínú ìdánwò kejì. Ó ku ẹyọ kan.”

“A ti gbọ́,” ni Tàlàbí wí. Ó máa ń dá ẹ̀rọ lóhùn bí ẹni ń dá ìyakọ lóhùn.

Ó tú okùn tó kù. Ó wo ojú mi. “Ṣé ẹ̀rù bà yín ni?”

Mo yí ojú mi sí àmì pupa ara ògiri.

Oríkèé ìbàdí mi ọ̀tún ti jẹ. Gbogbo ìgbà tí mo ní agbára ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, tí mo fi ń gòkè. Ilẹ̀ ti gba tirẹ̀ níbẹ̀. Dókítà Adéṣígbìn fi àwòrán egungun náà hàn mí. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní bí wọ́n bá ṣe é nísinsìnyí, màá rìn. Ó ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀, egungun náà yóò ti fọ́ débi tí irin kò ní rí ibi dì mú, màá sì máa fi ìdí wọ́ nílẹ̀ títí n ó fi kú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìbòjú lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sún un sí. Òfin ni.

Tàlàbí ti ibùsùn mi jáde. Ibùsùn náà lè rìn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa tì í.

“Ẹ kàn fún mi lóògùn oorun,” mo ní. “Bí ẹ ti ń fún àwọn ọ̀dọ́.”

“Kí wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ ti kọjá àádọ́rin ọdún, bàbá. Òfin Ìrántí kò gbà á.”

“Mo mọ Òfin Ìrántí.”

Mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Kí òfin náà tó dé, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi Àrẹ̀mú lóògùn oorun, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn. Iṣẹ́ náà dára. Ojú ọgbẹ́ san. Nígbà tó jí, ó wò mí, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Èmi àbúrò rẹ̀. Ó tún lo ọdún díẹ̀ láyé, kò sì pe orúkọ mi mọ́.

Irú Àrẹ̀mú pọ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tó ń pa ìsàlẹ̀ ara nìkan ni wọ́n ń gún arúgbó báyìí. Wọ́n á wá fi ìbòjú dí i lójú, wọ́n á gbé e lọ síbi tó fẹ́ràn, kí ó má bàa rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má bàa sáré. Nínú ìbòjú náà, ohùn kan á máa pe orúkọ rẹ̀. Bó bá ń dáhùn, ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ẹni ni ohun tó ń kẹ́yìn jáde nínú orí.

Nínú yàrá àwọn aláìsàn, Látúnjí jókòó sórí ibùsùn tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wa ọkọ̀ ojú irin nígbà tí èèyàn ṣì ń wa ọkọ̀.

“Ọkùnrin kànga!” ó pariwo. “Ṣé wọ́n ti là ọ́?”

“Rárá.”

“O tún ti sá jáde nínú ìbòjú!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú. “Ẹni tó ń wọ inú ihò ilẹ̀ lókùnkùn. Ìbòjú lásán!”

“Jẹ ẹ̀pà rẹ.”

“Èmi, ilé ìyá mi ni wọ́n gbé mi lọ. Ìyá mi ń dín àkàrà. Ó bù ú fún mi sínú abọ́.”

“O gbà á?”

“Mo gbà á, mo jẹ ẹ́.”

“Oúnjẹ òkú.”

“Àkàrà gbígbóná ni, ọ̀rẹ́. Ta ló ń bi àkàrà gbígbóná léèrè bóyá òkú ló dín in? Ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Ṣé mo ti kú?”

“Wọn kò tíì sọ fún ọ ni.”

Tàlàbí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí ìrọ̀rí.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ó ní. “Mo rí ihò yẹn lójú gíláàsì, èyí tó wà nínú ìbòjú yín. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe gan-an?”

“Omi ló wà nínú rẹ̀.”

“Nínú ilẹ̀? Ẹ ń mu ún?”

“Ìyá àgbà rẹ mu ún.”

Ó mi orí. Ọmọ ìgbà tí òpó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ ni. Ìjọba ti sọ pé tiwọn ni omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti dí gbogbo kànga. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò tó jìn ju ìdúró rẹ̀ lọ lónìí, ẹ̀wọ̀n ni. Iṣẹ́ mi ti di ẹ̀ṣẹ̀. Inú ìbòjú nìkan ni mo ti lè rí i mọ́.

“Kí ló tiẹ̀ ń lé ọ níbẹ̀?” ni Látúnjí bi mí.

“Ohùn tó ń pè mí ni.”

Ní ìdánwò kìíní, ohùn ìjọba ni. Ohùn ọmọbìnrin kan bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, “Ìgè Ọláníhún!” bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Ọkàn mi fò sókè, ẹ̀rọ sì ní òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fò.

“Jẹ́ kí n máa pè ọ́ nígbà náà, kí a parí rẹ̀,” ni Látúnjí wí. “Ìgè!”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.”

“Mo jù ọ́ lọ. Tún un pè.”

Kò tún un pè.

“Kò tiẹ̀ lè ṣeé ṣe,” ni Tàlàbí wí. “Ohùn tí bàbá ti mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán ni òfin ń fẹ́ báyìí, nítorí ohùn ìjọba ti kùnà.”

“Ká ní òfin gbà, ṣé ìwọ lè pè é?” ni Látúnjí bi í.

“Èmi? Kí ìyá mi gbọ́?” Ó yí ìka ká orí rẹ̀, ó ta á nù. “Ọlọ́run má ṣe é.”

“Ta wá ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí fún?”

“Àwọn tó ṣe é, ibi tí wọ́n ti ń pe bàbá wọn lórúkọ ni wọ́n ti wá.”

Látúnjí ronú sí ìyẹn. “Ó mà ṣe o,” ó ní. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

Ìdánwò kejì ni ti òwúrọ̀ yìí. Ìbídùn ló ṣètò rẹ̀. Ẹyẹ irin tó ń kó ẹrù ni ó ń tún ṣe fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo ìgbà ọ̀yẹ́ ló fi ṣa ìyá rẹ̀ jọ: ohùn rẹ̀ nínú fóònù àtijọ́, àwòrán ìgbéyàwó, fídíò ìkómọjáde àwọn ọmọ. Ó kó wọn fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ hun wọ́n pọ̀. Kò sọ fún mi. Ó fẹ́ kí ó bá mi lójijì, kí inú mi dùn.

Ohun tí mo rí nìyí. Kànga tí mo gbẹ́ kẹ́yìn. Igi ìyeyè wà lẹ́bàá rẹ̀, àpótí wà lábẹ́ igi. Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, jókòó sórí àpótí. Ó ń bó ọsàn. Èèpo náà ń jáde gbọọrọ láìjá, bí ó ti máa ń ṣe é. Ó gbójú sókè.

“Bàbá Ìbídùn, ẹ wá jókòó. Ẹ ti ṣe tó.”

Mo jókòó. Ìbàdí kò dùn mí. Ó gé ọsàn náà lórí, ó nà án sí mi. N kò gbà á. Mo ṣì rántí ara mi débẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mu ún fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́. N kò mọ̀ mọ́ pé nǹkan wà lójú mi. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà oko. Ó rìn díẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn.

“Ìgè,” ó ní.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré: bí òkú bá pe ni lórúkọ, a kì í jẹ́. N kò jẹ́. Ẹ̀rọ mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ ni pé mo dìde.

Ìbídùn wọlé ní ọ̀sán. Ó gbé ògì wá nínú ife. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó kí Látúnjí. Ó jókòó, ó gbé ife náà lé mi lọ́wọ́. 

“Ṣé kò jọ wọ́n ni, bàbá mi?”

“Ó jọ ọ́.”

“Ṣé ohùn wọn kọ́?”

“Ohùn rẹ̀ ni.”

“Kí ló wá dé? Mo wà lẹ́yìn gíláàsì. Mo rí bí ẹ ṣe já okùn. Mo rí ojú yín. Ìyàwó yín ni, kì í ṣe ẹkùn.”

“Ìyá rẹ kò pe orúkọ mi rí.”

“Mo mọ̀.”

“Kí a tó bí ọ, ‘Ẹ̀yin o!’ ló máa ń pè sínú kànga. Lẹ́yìn tí a bí ọ, ‘Bàbá Ìbídùn o!’ Kò pe orúkọ mi rí, àní nígbà tí inú bí i.”

“Bàbá mi, ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ ni? Ẹ̀rọ ló kọ̀. Mo fún un ní ‘Bàbá Ìbídùn’, ó ní kò bá káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo gé sí wẹ́wẹ́ kí n tó rí orúkọ yẹn tò. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gèlè ni mo ti rí ìdajì rẹ̀.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Gbogbo ọ̀yẹ́. Ẹ wá wò ó bí ẹni wo iwin.”

Látúnjí kọjú sí ògiri. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Kò jẹ ẹ̀pà mọ́.

Mo mu ògì díẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Ì bá rọrùn kí n jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ̀rù ba arúgbó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń sunkún lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì dára.

“Ẹ̀rù kò bà mí,” mo ní.

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Mò ń tẹ̀ lé e ni.”

Kò yé e. Mo rí i pé kò yé e.

“Ó gba ọ̀nà oko. Mo dìde, mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Okùn dá mi dúró. Mo já a.”

Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀.

“N kò bẹ̀rù pé kí n kú,” mo ní. “Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé kò ṣòro. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀ lọ́la, tí ọ̀bẹ wà lára mi, tó sì kọjú sí ọ̀nà yẹn, màá lọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé màá lọ.”

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀.

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. “Màmá ì bá ti lé yín padà.”

“Ìyá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Á sọ èèpo ọsàn lù mí. Ṣùgbọ́n èyí tí o ṣe yìí kò mọ bí a ṣe ń lé ni padà.”

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó na apá. Àwòrán kékeré yọ lára ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Igi. Àpótí. Obìnrin kan tó ń bó ọsàn.

“Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?”

“Má pa á rẹ́. Mú un kúrò níbẹ̀ ni. Fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ ṣì lè lọ wò ó kí o padà wálé.”

Ó fi ìka kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra fà á. Àpótí náà ṣófo.

“Ta ló máa wá pè yín?” ó ní.

Mo ronú. Ìyá mi, tó sọ mí ní Ìgè nítorí pé ẹsẹ̀ ni mo fi wáyé. Bàbá mi. Àrẹ̀mú. Fátúnbí àti àwọn yòókù tí a jọ ń gbẹ́ kànga. Mo ka gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti pe orúkọ mi láìfi nǹkan síwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan lókè ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àrẹ̀mú ti pè mí ní “sà”, orí káàdì nìkan ni orúkọ náà wà. N kò tíì ronú kàn án rí. Ẹni tó jẹ́ pé òkú nìkan ló lè pè é, ọ̀dọ̀ ta ni ó ń gbé?

“Ó ku ìwọ,” mo ní.

“Èmi?”

“O ti mọ̀ mí ju ọdún mẹ́wàá lọ.”

“Bàbá mi, n kò lè ṣe é.”

“Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é.”

“Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn.”

Tàlàbí gbé etí ẹ̀rọ wá, nǹkan róbótó bí àgbálùmọ̀. Ó ní kí Ìbídùn kọ́kọ́ fi í dán orúkọ náà wò, kí ìdánwò kẹta má bàa bàjẹ́ nítorí tirẹ̀.

Ìbídùn mí kanlẹ̀. “Bàbá Ìgè.”

“Kò bá káàdì mu,” ni ẹ̀rọ wí.

“Ìgè, sà.”

“Ọ̀rọ̀ kan lé.”

“Ẹ̀yin Ìgè.”

“Kò bá káàdì mu.”

“Ẹ̀rọ yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé,” ni Látúnjí wí láti ojú oorun rẹ̀.

Tàlàbí bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà rín in, ó sì dákẹ́. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Ó ní ọmọ, ó ní ọmọ iṣẹ́ tó ń pàṣẹ fún. Ó dúró níwájú mi bí ẹni tí wọ́n ní kó tú aṣọ láàárín ọjà. Ó la ẹnu. Ẹnu kọ̀.

“Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo pàṣẹ fún ọ,” mo ní, “ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“N kò mọ̀.”

“Èmi náà kò mọ̀. Pè é.”

Ó kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ìkíni. Orúnkún méjèèjì ló fi lélẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

“Ìgè,” ó ní.

Kò sí nǹkan níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.  

“Ẹ̀n,” mo ní.

“Ó bá mu,” ni ẹ̀rọ wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yege nínú ìdánwò kẹta, wọn kò sì tú mi sílẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi kúrò lára mi, méjèèjì. Dókítà Adéṣígbìn dúró tì mí.

“Bàbá, ṣé ẹ ti múra?”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀.”

“Ká ní gbogbo èèyàn rí bíi tiyín,” ó ní, ó sì lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n gbé àga síwájú etí ẹ̀rọ fún olùpè. Ìbídùn kò jókòó sórí rẹ̀. Kí wọ́n tó fi ìbòjú dí mi lójú, orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, nísàlẹ̀ gíláàsì, bí orí ẹni tí ilẹ̀ mu dé ọrùn. Tàlàbí gbé ìrọ̀rí lọ fún orúnkún rẹ̀. Mo rí i tó mi orí, tó kọ̀ ọ́.

Igi ìyeyè. Àpótí. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà oko wà níbẹ̀, ó mọ́, ó lọ jìnnà. Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo di okùn mú, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga.

Ẹni tó wà lókè ni í pe ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lè bàjẹ́ láìrùn. Oorun ló máa ń kọ́kọ́ gbé èèyàn, á sì dùn mọ́ ọn. Nítorí náà ẹni tó wà lókè á máa pè. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá jẹ́, ó dára. Bí kò bá jẹ́, wọ́n á fà á gòkè kíákíá.

“Ìgè!”

“Mo wà níbí.”

Mò ń gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà yangí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó lọ́rinrin. Níbì kan tó jìn, ẹnì kan ń fi ayùn rẹ́ nǹkan. Mo mọ nǹkan tó jẹ́. Mò ń gbẹ́ ilẹ̀ mi.

“Ìgè!”

“Mo wà.”

Lákọ̀ọ́kọ́ ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pe orúkọ náà bí ẹni tó jí i gbé. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́. Ó ń pè é lásán, bí a ti ń pe èèyàn. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí obìnrin kan tó pè mí bẹ́ẹ̀.

“Ìgè!”

“Ẹ̀n.”

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ayùn dákẹ́. Mo dúró de ohùn rẹ̀. Kò wá.

Mo gbọ́ Tàlàbí lókè, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Olùpè, ẹ pè wọ́n.” Kò pè. Mo gbọ́ ẹkún. Bóyá ó gbójú sókè, ó rí egungun bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. N kò mọ̀. N kò bi í léèrè títí di òní.

Apá ẹ̀rọ ti dúró. Mo mọ̀ nítorí pé gbogbo nǹkan dákẹ́. Bí kò bá pè, kò sí ohun tí n ó jẹ́. Omi náà dé kókósẹ̀ mi, ó tutù, kò sì sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ibẹ̀ dára. Èèyàn lè jókòó síbẹ̀. Wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run kéré, ó róbótó, ó mọ́lẹ̀.

“Ìbídùn,” mo ní.

Ẹkún náà dá. “Bàbá mi.”

“Pè mí.”

Ó pè mí. Mo jẹ́ ẹ.